Ìbòji àti Oòrùn: Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ti Ń Fún Ọkàn Ọmọ Ní Okun

Gbogbo àgbẹ̀ obì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ó mọ̀ pé a kì í gbé ọ̀gbìn obì sí gbangba oòrùn láti ọjọ́ tí ó bá ti hù. Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni a ti ń tọ́ ọ, a sì ń bu omi rin ín ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí àkókò àtilọ́ ọ sí oko bá ń súnmọ́, àgbẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í fa imọ̀ náà yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí oòrùn lè máa kàn án lára díẹ̀díẹ̀, kí ewé rẹ̀ lè gbó. Ẹni tí ó bá ṣí gbogbo ìbòji kúrò ní ọjọ́ kan yóò bá ewé jíjóná ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò bá sì ṣí i rárá, ọ̀gbìn rẹ̀ yóò ga fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìdí rẹ̀ kì yóò sì le tó láti dúró de ọyẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí kan ọmọ ènìyàn. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ òbí ní Ìjokù àti ní gbogbo Ṣàgámù ń bi ara wọn ni pé: èwo ni kí á ṣe fún ọmọ kí ó má baà wó lulẹ̀ nígbà tí ayé bá le mọ́ ọn? Ṣé kí á máa bò ó ni, tàbí kí á jẹ́ kí oòrùn pa á?

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 1954 kò pé 460,000. Ní ọdún 1955 wọ́n ti lé ní 800,000. Ohun ńlá ni èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti yin ìjọba náà fún un. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà sọ. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń bá baba rẹ̀ lọ sí oko, tàbí tí ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ti í fara da òjò àti òùngbẹ. Ibẹ̀ náà ni òbí ti ń rí i bí ojú ọmọ bá fà ro. Nígbà tí ọmọ kúrò ní oko tí ó wọ kíláàsì, iṣẹ́ méjèèjì wọ̀nyí bọ́ sí ọwọ́ olùkọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, nínú ọmọ 7 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 19, a ó rí 1 tí àìlera ọkàn àti ìrònú ń bá fínra. Kì í ṣe wèrè ni à ń wí. Ìbànújẹ́ tí kò lọ, àníyàn tí kò jẹ́ kí ọmọ sùn, ẹ̀rù tí kò nídìí, ìbínú tí ó ju ohun tí ó fà á lọ: ìwọ̀nyí náà wà níbẹ̀. Kíláàsì tí ó bá ní ọmọ 42, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ 6 ni. Olùkọ́ a máa ka orúkọ wọn ní òwúrọ̀, wọn a sì dáhùn pé àwọn wà.

Bí a bá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi tọkàntara gbìyànjú láti sọ ọmọ di ẹni tí ó lè dúró, kò yẹ kí á rìn jìnnà. Ní Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí Ṣàgámù, Ọ̀gbẹ́ni Táí Ṣólàrìn àti aya rẹ̀ Sheila dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 1956. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ṣólàrìn, a bí i ní ọdún 1922. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesley ní Ìbàdàn, ó bá àwọn ọmọ ogun òfurufú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì kàwé ní Manchester àti London. Nígbà tí ó padà wá sílé ní ọdún 1952, ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ibẹ̀ ni ó sì ti kúrò láti wá dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nípa Mayflower ni pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ro oko, wọ́n ń sin adìyẹ, wọ́n ń gé koríko, wọ́n sì ń lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé tí àwọn fúnra wọn ń gbé. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ mú àdá. Ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin jọ kàwé pọ̀. Ọ̀gá wọn, tí ó ń wọ ṣòkòtò kúkúrú káàkiri ìlú, kò ka iṣẹ́ ọwọ́ sí ohun ìtìjú. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ òbí ń rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gan-an kí ó má baà fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́ láéláé; èrò wọn ni pé ìwé ni ó ń gba ènìyàn kúrò lóko. Ṣólàrìn wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ tí ó bá lè bọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rù ayé kì yóò bà á púpọ̀.

Nísinsìnyí, ohun kan wà tí àwọn ọmọ ìjọ yóò fẹ́ bi wá, ó sì tọ́ kí á dáhùn. Ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower kò kọ́ni ní ẹ̀sìn. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi í pamọ́. Àwọn alàgbà wa kan kò lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n má mi orí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó bá rí àgbàdo dáradára nínú oko ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ rẹ̀ kì í kọ̀ láti bi í bí ó ti gbìn ín. Ohun tí Ṣólàrìn ṣe pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá wúlò fún ọmọ Kristẹni àti ọmọ Mùsùlùmí bákan náà. Ibi tí ó ṣófo nínú ọgbà rẹ̀, ìyẹn àdúrà àti orin, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ lè fi tirẹ̀ dí i.

Ọ̀rọ̀ kan tí Ṣólàrìn kọ sínú ìwé ìròyìn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 1964 ni ó gba ìlú kan. Ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń kí ara wọn pé kí ọdún ó tura, òun gbàdúrà fún àwọn òǹkàwé pé kí ọ̀nà wọn ó ṣe gbágungbàgun. Àwọn kan bínú, wọ́n ní èpè ni. Kì í ṣe èpè. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé ẹni tí kò rí ìnira rí kò lè ṣe ohun kan tí ó lórúkọ.

Ó tọ́, ṣùgbọ́n ó ku apá kan. Ọ̀nà gbágungbàgun nìkan kò tíì sọ ọmọ kan di alágbára rí. Bí ó bá jẹ́ pé ìnira nìkan ni ó ń ṣe é, gbogbo ọmọ tí ebi ń pa ì bá ti di akọni, a kì bá sì ti rí ọmọ tí ìyà sọ di olè tàbí tí ó sọ di ẹni tí ń dá sunkún lóru. Ohun mìíràn gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ìnira náà. Ìtàn orúkọ tí Ṣólàrìn mú fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pàápàá sọ ọ́. Mayflower ni ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn èrò 102 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620. Akíkanjú ènìyàn ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tó kọjá, ó tó ìdajì wọn tí ó ti kú. Nígbà tí ó di ọdún 1621, ọmọ ilẹ̀ náà kan tí à ń pè ní Tisquantum wá bá wọn, ó sì kọ́ wọn bí a ti ń gbin àgbàdo, kí wọ́n sì fi ẹja sídìí rẹ̀ bí ajílẹ̀. Àwọn tí ó kù yè. Ọ̀nà wọn ṣe gbágungbàgun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wá rìn ín pẹ̀lú wọn.

Àwọn amòye ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀ràn yìí. Èyí tí ó lókìkí jù ni ti obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Emmy Werner, àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n mú gbogbo ọmọ tí a bí ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii, ní ọdún 1955, àwọn ọmọ 698, wọ́n sì ń tọ ipasẹ̀ wọn fún nǹkan bí 40 ọdún. (Ọdún kan náà ni èyí pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ì bá ti jẹ́ ẹlẹgbẹ́ ọ̀pọ̀ bàbá àgbà tí ó wà ní Ìjokù lónìí.) Nínú àwọn ọmọ náà, a rí àwọn tí ìṣòro yí ká láti ìkókó: òṣì, ìjà ilé, òbí tí ń mu ọtí tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò le. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ 3 bẹ́ẹ̀, 1 dàgbà di ẹni tí ó ní ìfọ̀kànbalẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń tọ́jú ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí ohun tí ó ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀, ohun kan ń hàn léraléra: olúkúlùkù wọn ní àgbàlagbà kan, ó kéré tán, tí kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Fún òmíràn ìyá àgbà ni. Fún òmíràn ẹ̀gbọ́n òbí ni. Fún ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni. A sì tún rí i pé wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé, iṣẹ́ tí ẹlòmíràn gbọ́kàn lé.

Ìyẹn ni pé ọkọ́ Ṣólàrìn wà níbẹ̀, ìbòji náà sì wà níbẹ̀.

Àwọn baba ńlá Ìjokù kò ka ìwé Emmy Werner, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun ń da ilẹ̀ Rẹ́mọ láàmú, ìlú 13, tí Ìjokù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kó ara wọn jọ ní nǹkan bí ọdún 1872 sí ibi tí à ń pè ní Ṣàgámù lónìí, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìlú tí ó dá wà ni ogun ń kó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe ní Arò láti ọdún 1954. Kò ti àwọn tí ọkàn wọn ṣàìsàn mọ́ inú ilé bí ẹlẹ́wọ̀n. Ó fi wọ̀ wọ́n sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan kan sì gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá kí ó máa dáná fún un. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó, wọ́n sì kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú bí Ìjokù lè ṣe, láìsí owó púpọ̀?

Èkíní, kí ilé-ẹ̀kọ́ ní oko kékeré, kì í sì í ṣe oko ìjìyà. Ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni ó ń fi oko ríro jẹ ọmọ tí ó pẹ́ dé níyà, wọ́n a sì máa ṣe kàyéfì pé ọmọ kórìíra iṣẹ́ àgbẹ̀. Kí a fún ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ní ebè tiwọn, kí wọ́n gbin àgbàdo nígbà òjò àkọ́kọ́, àti ẹ̀fọ́ sí ibi tí omi wà, kí wọ́n sì kọ sínú ìwé bí wọ́n ti ṣe é. Bí ọ̀yà bá jẹ ẹ́, kí wọ́n tún un gbìn. Ọmọ tí ó bá ti rí oko rẹ̀ tí ó bàjẹ́, tí ó sì tún un ṣe títí ó fi jẹ nínú rẹ̀, ti kọ́ ohun kan tí ìwàásù kò lè kọ́ ọ.

Ohun tí ó ṣòro jù, tí ó sì níye lórí jù, ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Kì í ṣe olùkọ́ kíláàsì nìkan, nítorí ẹni tí ó ní ọmọ 42 kò lè mọ inú gbogbo wọn. Kí gbogbo olùkọ́, àti ọ̀gá, àti ìyá tí ń se oúnjẹ bí ó bá fẹ́, pín àwọn ọmọ láàárín ara wọn, mẹ́wàá-mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀: Báwo ni ilé? Kí ni ó dùn mọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí? Kí ni ó ń dà ọ́ láàmú? Kí ó sì gbọ́ ìdáhùn tán kí ó tó fèsì. Ọ̀pọ̀ wa tí a jẹ́ àgbà ni kò mọ bí a ti ń gbọ́rọ̀ tán lẹ́nu ọmọdé.

Èdè Yorùbá ni kí a fi bi í. Bí a bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi ọmọ pé báwo ni, gbólóhùn kan ṣoṣo tí a ti kọ́ ọ ni yóò fi dáhùn, pé dáadáa ni òun wà, bí ilé tilẹ̀ ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè abínibí ni ìbànújẹ́, ìrẹ̀wẹ̀sì, ìtìjú, àníyàn àti ìpayà ti ní orúkọ tí ọmọ mọ̀. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ. Ẹni tí ó bá lè fi èdè rẹ̀ ronú lè fi sọ ohun tí ń dùn ún.

Ti ara kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ebi a máa jọ ìbínú, àìsùn a sì máa jọ òmùgọ̀. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóru; ìyá tí ó ń jí ọmọ ní aago mẹ́rin láti lọ ta ẹ̀kọ kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ó jẹ́ kí ó tètè sùn. Kí ọmọ máa sáré, kí ó máa ta bọ́ọ̀lù, kí ó máa jó, ó kéré tán wákàtí kan lójúmọ́. Bí ìpayà bá mú ọmọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí a kọ́ ọ láti fa èémí sínú pẹ̀lẹ́, kí ó ka 1 dé 4, kí ó sì tú u jáde, kí ó ka 1 dé 6, nígbà mẹ́wàá. Àyà rẹ̀ yóò rọlẹ̀.

Nípa pàṣán àti ẹ̀gàn, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Olùkọ́ tí ó fi àléébù ọmọ ṣe ẹ̀rín níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣí gbogbo imọ̀ kúrò lórí ọ̀gbìn ní ọ̀sán gangan. Ọmọ náà kì yóò tún sọ ohun kan fún un mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan, tí baba rẹ̀ kú ní ìgbà ọyẹ́. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ó padà wá. Kò sunkún. Ó ń jókòó nìkan nígbà eré. Ó ní inú ń run òun ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé gbogbo. Ìwé rẹ̀ tí ó mọ́ tẹ́lẹ̀ di wúruwùru. Oúnjẹ rẹ̀ a sì máa ṣẹ́kù. Olùkọ́ kan yóò sọ pé ó ti ya ọ̀lẹ. Èkejì yóò sọ pé kí a fi í sílẹ̀, ojúmọ́ ni yóò wò ó sàn. Olùkọ́ tí ó gbọ́n yóò pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sọ pé òun rí i pé nǹkan ti yàtọ̀, yóò dárúkọ baba náà láìfi pamọ́, yóò sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà yóò lọ kí ìyá rẹ̀ nílé. Yóò fún ọmọ náà ní iṣẹ́ tí ó níláárí, bóyá kí ó máa bomi rin ọ̀gbìn ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ọ̀gbìn kò béèrè pé kí ènìyàn máa rẹ́rìn-ín. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó, bí a bá fún un ní oṣù díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ọmọ kò jẹun tí kò sì sùn, tàbí tí ó bá ń pa ara rẹ̀ lára, tàbí tí ó bá sọ pé ó sàn kí òun kú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé eré ọmọdé ni. Kí a bi í ní gbangba bí ó bá ń rò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìbéèrè náà ni yóò fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìtura ni ó sábà máa ń jẹ́ fún ọmọ pé ẹnì kan ti bi í. Kí a má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Kí a kó oògùn kòkòrò oko àti oògùn koríko kúrò ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Èyí ṣe pàtàkì jùlọ ní ilé àgbẹ̀. Kí a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ wà ní Ṣàgámù, ti Arò sì wà ní Abẹ́òkúta. Kí olùkọ́ tàbí ìbátan kan bá a lọ, kí ó sì dúró tì í títí dókítà yóò fi pè é wọlé. Àdúrà dára ní ojú ọ̀nà. Kí a má ṣe dúró ní ilé àdúrà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní ọjọ́ tí ó bá padà sí ilé-ẹ̀kọ́, kí àyè rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kan sì ti bá a bomi rin ọ̀gbìn rẹ̀.